Rímà (irin tí a ń yí nínú ihò láti mú un fẹ̀) wo ló yẹ ihò píìnì ọ̀bẹ tó ń ká?

Bí ihò píìnì tí ojú ọ̀bẹ ń yí lé bá rí bákan náà láti òde dé inú, bó ti wù kí ẹ fi òòlù kan píìnì náà tó, àmì róbótó kan yóò hàn lára irin orí èèkù nígbà tí ẹ bá kùn ún dán. Ẹnu ihò gbọ́dọ̀ fẹ̀ díẹ̀ lóde, kó máa fún lọ sínú. Òòlù á wá ti irin píìnì kún ibẹ̀, kò ní sí àlàfo.

Kántásíǹkì, bíìtì tí a fi ń la ẹnu ihò, ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sábà máa ń mú. Ẹ fi í sílẹ̀. Ètè ihò nìkan ló ń jẹ, kò sì wọlé jìn. Kí ẹ tó fáìlì orí píìnì tán, ibi tó fẹ̀ ti bá fáìlì lọ. Rímà taper pin, èyí tó tín-ín-rín ní ṣóńṣó tó sì ń sanra díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìdí, lẹ wá. Ti Amẹ́ríkà ń sanra ní mílímítà 1 nínú gígùn mílímítà 48, ti oní-mílímítà ní 1 nínú 50. Èyíkéyìí ló dára.

Nọ́ḿbà ló ń ṣini lọ́nà. Fún píìnì 3/32 ínǹṣì, ìyẹn mílímítà 2.38, tábìlì ìwọ̀n rímà á tọ́ka sí nọ́ḿbà 5/0, ṣùgbọ́n ìdí rímà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní rí ibi tì í sí mọ́. 4/0 ni kí ẹ rà: ṣóńṣó rẹ̀ tó mílímítà 2.2, ìdí rẹ̀ tó 2.9. Píìnì 1/8 ínǹṣì, 2/0. Ẹ mú èyí tí ẹnu tó fi ń jẹ irin gùn gbọọrọ, tí kò lọ́, tí a ń fi ọwọ́ yí. Bí ẹ bá dè é mọ́ ẹ̀rọ dírílì, ó lè fa ara rẹ̀ wọlé, kó há, kó sì kán.

Ẹ fi bíìtì tó bá píìnì mu lu ihò tán, kí ẹ tú ọ̀bẹ palẹ̀. Láti òde ni kí ẹ ti ki rímà bọ irin orí èèkù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òróró díẹ̀. Apá ọ̀tún nìkan ni kí ẹ máa yí i sí, kódà bí ẹ bá ń yọ ọ́. Yíyí i padà ń pa ẹnu rẹ̀ kú. Ẹ máa yọ ọ́ gbá èérún irin nù. Bí irin orí èèkù bá nípọn tó mílímítà 3, 4/0 á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nígbà tí ṣóńṣó rẹ̀ bá yọ tó mílímítà 5 ní ìdàkejì. Kó tó pé 8, ẹ dúró. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ihò inú á fẹ̀ ju píìnì lọ, ojú ọ̀bẹ á sì máa mì. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù irin kan náà.

Ìyàtọ̀ láàárín ẹnu ihò àti inú rẹ̀ kò ju mílímítà 0.06 lọ. Ó tó.

Kí píìnì yọ tó mílímítà 1.5 lápá kọ̀ọ̀kan. Bó bá gùn jù, á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kó wú. Òòlù kékeré, ìlù fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ máa yí ọ̀bẹ padà kí apá méjèèjì lè kún dọ́gba. Bí àmì róbótó bá ṣì hàn, ẹ wo irin náà: píìnì idẹ nínú irin orí èèkù tí wọ́n fi nickel silver (àdàlù irin tó funfun bíi fàdákà) ṣe kò lè fara pa mọ́ láé, bó ti wù kí ihò dára tó.