Ẹ Má Ná Owó Iṣẹ́ Abẹ Tán Kí Ọjọ́ Rẹ̀ Tó Pé

Télọ̀ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, n kì í ṣe dókítà. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lórúnkún nítorí àrùn tí wọ́n ń pè ní PVNS, èyí tó ń mú kí awọ inú oríkèé wú, kò sí ẹni tí orúnkún rẹ̀ wú ládùúgbò tí wọn kì í júwe ṣọ́ọ̀bù mi fún. Inú sì máa ń bí mi, torí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, owó ti lọ.

Èkínní, ẹ yé ya X-ray lẹ́ẹ̀mẹrin. Eegun ni X-ray ń fi hàn dáadáa. Awọ tó tẹ́ inú oríkèé ni àrùn yìí ń bá jà, MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń rí ìyẹn. Ẹ gbé fíìmù yín dání lọ sí ibikíbi.

Èkejì, "tumor" (ẹran tó hù lára) tí ẹ rí nínú èsì kò sọ ọ́ di jẹjẹrẹ. Ẹ sinmi ẹkún.

Ìkẹta ni wíwọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Nígbà tí tèmi wú, àǹtí ọkọ mi ní, "Ìyàwó, oògùn lo tẹ̀." Ó mú bàbá kan tó ń to eegun wá. Oṣù márùn-ún ni bàbá fi ń fi òrí gbígbóná wọ́ orúnkún mi, ó tún sín gbẹ́rẹ́ yí i ká. Bó bá wọ́ ọ lónìí, á wú sí i lọ́la, bàbá á ní àrùn ti ń jáde nìyẹn. Èmi tí mo máa ń bá oníbàárà jà lórí owó bọ́tìnì, n kò bi í pé ibo ló ń jáde sí! Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì láti fi sanwó. Ẹ̀yìn èyí ni dókítà fi abẹ́rẹ́ fa omi inú rẹ̀, ó dúdú bí omi àgbo. Ẹ̀jẹ̀ ni: awọ yẹn ti hu bí irun, ẹ̀jẹ̀ sì ń jò lára rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ la ń fi ọwọ́ líle tẹ̀! Mo tún wá lọ ń fa omi náà káàkiri, bí ẹni tó ń gbọ́n omi inú yàrá tí òrùlé rẹ̀ ṣì ń jò. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti kún padà.

Àgbo àti ibuprofen tí ẹ ń lò fún ìrora ńkọ́? Ẹ sọ fún dókítà kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó dé, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà jù.

Ẹ̀karùn-ún ni àbí ẹ̀kẹrin? Ẹ má kàn sùn sílé láìlo ẹsẹ̀ yín, iṣan itan á joro. Mo fi téèpù wọn itan mi méjèèjì, ọ̀kan ti fi íǹṣì méjì kéré sí ìkejì. Ẹ bi àwọn fisiotẹ́ràpì, àwọn tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá fún ẹsẹ̀ tó ń dunni, léèrè. Èyí tí wọ́n kọ́ mi ni pé kí n ká aṣọ ìnura sábẹ́ orúnkún, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí n ka ení dé àrún, kí n tó tú u sílẹ̀.

Ẹ sì bi dókítà bóyá ojú kan ni àrùn náà wà nínú orúnkún tàbí ó ti tàn ká. Èyí tó tàn ká sábà máa ń padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. N kò bèèrè. Léèsì ìdúpẹ́ ni mo sáré lọ rà, mo wá yá owó ra ọ̀pá ìtilẹ̀. Tèmi tàn ká. Wọ́n ṣì ń pè mí fún àyẹ̀wò, léèsì ṣì wà nínú ọ̀rá.