Hilux Dísẹ̀lì Àtijọ́ ní Èkó: Ooru àti Omi Ni Kí Ẹ Máa Ṣọ́

Hilux àtijọ́ tó gbé ẹ́ńjìnì 2L, 3L tàbí 5L (orúkọ ẹ́ńjìnì ni, kì í ṣe iye lítà) kò ní wáyà kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń kó sìmẹ́ǹtì, irin àti jẹnẹrétọ̀ láti Mushin lọ sí Ajah kò fi fẹ́ tà á. Ohun méjì ló sábà ń pa á: ooru inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àti omi tó bá wọ ibi tí kò yẹ kó dé. Ṣọ́ọ̀kù àti róbà ìdí ẹsẹ̀ lè dúró de owó oṣù tó ń bọ̀. Àwọn méjì yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi gbígbóná láti lọ sí rédíétọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti yọ ọ́ dà nù, wọ́n á ní ìlú wa ti gbóná jù, kò wúlò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nǹkan bíi 82°C ló máa ń là. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnì á pẹ́ kó tó móoru, á máa mu dísẹ̀lì, ríìngì á sì máa jẹ. Èyí tí wọn kì í sọ fún yín ni pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi gbígbóná ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnì láìdé rédíétọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò tán, ọ̀nà yẹn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọkọ̀ tí ẹ ní kó má gbóná á wá gbóná lórí Third Mainland Bridge. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ fi okùn so èyí tó wà nílẹ̀ rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná: ó gbọ́dọ̀ ti là dáadáa kí omi tó hó, kó sì padé padà bí omi bá tutù. Bí ẹ bá ń dá a padà, ihò kékeré tí píìnì wà lára rẹ̀ ni kó wà lókè, kí afẹ́fẹ́ lè ríbi jáde.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo fáànù. Ẹ pa ẹ́ńjìnì tó ti gbóná, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi ọwọ́ ti apá fáànù. Ó yẹ kó le díẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá ń yí fìrìrì láìdúró, ọ́ìlì inú kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ (ohun tó wà láàárín fáànù tó ń mú un yí) ti tán, kò sì ní lè fa afẹ́fẹ́ tó nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú kan. Àwọn kan máa ń ní kí wẹ́ẹ̀dà jó o pọ̀. Á fẹ́ lóòótọ́, àmọ́ á máa pariwo, á máa fa agbára ẹ́ńjìnì, bíárìn pọ́ǹpù omi á sì tètè jẹ. Ẹ pààrọ̀ kúlọ́ọ̀ṣì náà.

Iyanrìn àti ẹrẹ̀ máa ń dí ojú rédíétọ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́ sí iwájú, kí omi má le jù, torí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ojú rẹ̀ tètè máa ń tẹ̀. Ìdérí náà ṣe pàtàkì: bí róbà rẹ̀ bá ti sán, omi á hó kí àkókò rẹ̀ tó tó. Kúláǹtì ìdajì, omi ìdajì ni kí ẹ rọ sí i. Ẹ má rọ omi kànga Lekki tàbí Ajah sí i, torí iyọ̀ àti irin inú rẹ̀ ló ń di ìpẹ́ pupa tẹ́ ẹ máa ń rí lẹ́nu họ́ọ̀sì. Omi bátìrì (distilled water, kì í ṣe ásíìdì) ló dáa jù.

Bí ọkọ̀ bá gbóná lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30. Ẹ má ṣí ìdérí, ẹ má sì gbà kí ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà da omi tútù lé e lórí. Orí ẹ́ńjìnì wọ̀nyí máa ń sán láàárín fáàfù. Ẹ máa fura bí omi bá ń dín kù láìrí ibi tó ń jò, bí họ́ọ̀sì òkè bá le gan-an láìpẹ́ tí ẹ sítáàtì ọkọ̀ tútù, tàbí bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì. Tó bá wá di pé wọ́n ní láti tú orí ẹ́ńjìnì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ (ohun pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀) nù. Oríṣi ìnípọn mẹ́ta ló wà, àmì B, D tàbí F sì wà lára rẹ̀. Èyí tó bá ti ẹ́ńjìnì yín mu ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá fi èyí tó fẹ́lẹ́ síbi tó yẹ kí èyí tó nípọn wà, písítìn lè máa kan òkè.

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn, láti inú dísẹ̀lì. Omi wúwo ju dísẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ló ń rọ̀ sí, ó sì ń ba pọ́ǹpù àti nọ́súlù tó ń fọ́n dísẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnì jẹ́, owó tí wọ́n á sì bù fún yín láti tún pọ́ǹpù ṣe kò ní kéré. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ẹ gbé ike sábẹ́ fílítà, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀ títí dísẹ̀lì tó mọ́ á fi jáde, kí ẹ tó dí i. Bí iná fílítà bá tàn lórí dásíbọ́ọ̀dù, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ṣe é.

Bí ẹ bá pààrọ̀ fílítà, ẹ fi dísẹ̀lì pa róbà rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ lásán dì í. Ẹ wá máa tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ títí á fi le. Bí ẹ́ńjìnì kò bá jí, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú páìpù: ẹ fi sípánà 17 tú nọ́ọ̀tì páìpù lórí nọ́súlù díẹ̀, kí ẹnì kan máa sítáàtì títí dísẹ̀lì á fi máa tú jáde níbẹ̀, kí ẹ sì dì í padà. Ẹ gbé ọwọ́ àti ojú jìnnà. Dísẹ̀lì tó ń jáde níbẹ̀ lágbára tó láti wọ ara èèyàn lọ, ilé ìwòsàn sì lọ̀rọ̀ rẹ̀ bó bá ṣẹlẹ̀.

Ní ti èéfín: dúdú, ẹ kọ́kọ́ wo fílítà afẹ́fẹ́, búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, funfun láàárọ̀ nìkan, hítà pílọ́ọ̀gì (tó ń mú ẹ́ńjìnì tútù gbóná kó lè jí) kan ti kú, funfun láti òwúrọ̀ dalẹ́ tómi sì ń dín kù, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì.

Táímì bẹ́líìtì, èyí tó ń mú kí fáàfù àti písítìn máa rìn pọ̀, kò gba àwàdà. Ní gbogbo 100,000 kìlómítà ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ tọ́kùnbọ̀ tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀, ẹ má wo nọ́ńbà ojú dásíbọ́ọ̀dù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ ra ọkọ̀, pẹ̀lú tẹ́ńṣánà tó ń fà á le àti síìlì tó ń jo ọ́ìlì, torí ọ́ìlì ló ń jẹ bẹ́líìtì. Bó bá já, fáàfù á gbá písítìn. Kí mẹkáníìkì tó sítáàtì, ẹ ní kó fi sípánà yí ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mejì yípo, kí gbogbo àmì sì padà bọ́ síbi wọn.

Àwọn tó ń gba inú omi òjò kọjá ló ni ti differential ẹ̀yìn, ìyẹn gíà tó wà láàárín àsùlù ẹ̀yìn. Ó máa ń gbóná lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá wọ omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì, á sì fa omi wọlé. Ihò afẹ́fẹ́ kan wà lórí àsùlù tí ẹrẹ̀ máa ń dí. Bó bá dí, ooru á ti ọ́ìlì gba síìlì jáde sórí bíréèkì ẹ̀yìn. Ẹ nù ún, ó sì dáa kí ẹ fi róbà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ẹnu rẹ̀ lọ sókè. Lẹ́yìn àgbàrá, ẹ wo ọ́ìlì náà. Bó bá ti yí àwọ̀ padà sí funfun, ẹ dà á nù. Nọ́ọ̀tì tí ẹ fi ń rọ ọ́ìlì sí i ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti da ọ́ìlì nù tí tòkè kò wá ṣí, ọkọ̀ ò ní lè kúrò níbẹ̀. Ọ́ìlì gíà tí wọ́n kọ GL-5 àti 80W-90 sí lára ni kí ẹ rọ sí i, títí á fi dé etí ihò náà.

Ẹrù ńkọ́? Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50, ogún àpò sì ti di tọ́ọ̀nù kan. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Àwọn tó ń fi sípíríìngì kún ti ẹ̀yìn kí wọ́n lè kó ọgbọ̀n àpò máa ń gbàgbé irin gbọọrọ tó so àsùlù mọ́ fáàfù bíréèkì lábẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ga, irin yẹn á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Bí sípíríìngì bá yí padà, kí wọ́n tún irin náà tò. Ẹ tún bóòtù tó di sípíríìngì mú dì lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, torí wọ́n máa ń tú.

Bí ẹ bá ń lọ sí Ladipo, ọjà ohun èlò ọkọ̀, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì sórí ìwé. Ti 3L àti 5L jọra lójú àmọ́ wọn kì í bá ara wọn mu níbi gbogbo. Bí ẹ bá ń ra táyà tọ́kùnbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 3218 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 32 nínú ọdún 2018. Èyí tó bá ti sán ní ẹ̀gbẹ́, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.