Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí a bá ń yẹ mandolin ẹlẹ́yìn-igbá àtijọ́ wò

Ó máa ń dùn mí tí ènìyàn bá gbé mandolin, ohun èlò orin olókùn tó dà bí gìtá kékeré, wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní London, tó ti sanwó rẹ̀ tán, tó wá ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣeé tún ṣe?" Irú ti Naples ní Italy ni mò ń wí, èyí tí wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ to ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi yọ bí igbá. Kí owó tó jáde lápò ni a ń béèrè ìyẹn.

Ìkíní: ẹ má jẹ́ kí ọ̀ṣọ́ kó yín lójú. Karawun òkun tó ń dán lára rẹ̀ kọ́ ló ń dún.

Ìkejì: ibi tí pákó ojú rẹ̀ ti ṣẹ́ wálẹ̀ lẹ́yìn igi kékeré tó gbé okùn ró kì í ṣe àbùkù. Oníṣọ̀nà ló fi ooru tẹ pákó náà, kí okùn lè fúnra mọ́ igi yẹn dáadáa. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo rò pé ọ̀kan ti wó ni, mo fi kíláǹpù dè é kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó sán. Títí di òní, ó ń dùn mí. Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù ni kí ojú rì láàárín ihò tí ohùn ń gbà jáde àti igi yẹn.

Ìkẹta ló mú mi kọ̀wé yìí: ọrùn. Mandolin àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀pá irin tí a lè fi tún ọrùn rẹ̀ tò. Okùn 8 ló sì ń fà á tọ̀sán-tòru láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ ka àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn láti ìhà ibi tí wọ́n ti ń yí okùn, kí ẹ dúró lórí ìkejìlá, kí ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín òun àti okùn. Tó bá jẹ́ mílímítà 2, ó dára. Tó bá tó 3, a lè ha igi tó gbé okùn ró kó lọ sílẹ̀. Tó bá kọjá 4, tí igi náà kò sì ní ohun tí a lè ha mọ́, ọrùn ti yẹ̀ nìyẹn, owó àtúnṣe rẹ̀ sì lè ju owó tí ẹ fi rà á lọ.

Àbúrò kan ra tirẹ̀ níbi gbàǹjo ní 90 pọ́n-ùn. Àlàfo rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6. Àwọn tó tà á sọ pé okùn tuntun nìkan ló kù ú kù. Ó lọ ra okùn mandolin òde òní, tí èyí tó tín-ín-rín jù nínú rẹ̀ jẹ́ 0.011 íńṣì, nígbà tí 0.009 tàbí 0.010 ló bá ara mandolin arúgbó yẹn mu, torí okùn tó nípọn ń fa ọrùn àti ojú rẹ̀ jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ojú rẹ̀ rì. Èmi àti ẹ̀ jọ tú okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan ni, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀.

Ẹ fi ìka kan ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá ń gbọ̀n rìrì, ó ṣeé ṣe kí igi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ ti ṣí.

Pákó ẹ̀yìn tó là kò le láti tún ṣe, àfi tí ẹnì kan bá ti da súpà gúlù sí i. Gúlù àtijọ́ tí wọ́n fi awọ ẹran sè máa ń rọ̀ tó bá rí omi gbígbóná àti ooru. Súpà gúlù ń ba ojú igi jẹ́ ni.

Ìyẹ̀fun igi tuntun nínú ihò tí kòkòrò gbẹ́: kòkòrò lè ṣì wà níbẹ̀.

Tí karawun ìjàpá òkun bá wà lára rẹ̀, ẹ béèrè ìwé àṣẹ kó tó kọjá ibodè.

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ọrùn láti ẹ̀gbẹ́. Tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.