Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Àkọ́kọ́ Ṣe Lè Wọnú Iṣẹ́ Ìwádìí ní Yunifásítì

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn tó ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé nìkan ni iṣẹ́ ìwádìí wà fún, àti pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì máa gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kó sì máa ṣe ìdánwò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1969 ni Margaret MacVicar ti dá ètò kan sílẹ̀ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, tó ń fi akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn olùkọ́ wọn, irú ètò bẹ́ẹ̀ sì ti wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì báyìí. Níbi tí kò bá sí pàápàá, olùkọ́ tó ń wá ẹni tí yóò bá òun gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kì í wọ́n. Bí a ṣe ń kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ ló máa ń dá ìṣòro sílẹ̀.

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí "mo fẹ́ ṣe ìwádìí". Ronú padà sí ìbéèrè kan tí kò kúrò lọ́kàn rẹ lẹ́yìn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti parí, kí o wá wo ojúewé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ìbéèrè náà. Fi orúkọ rẹ̀ wá àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí Google Scholar, ìyẹn ibi tí a ti ń wá ìwé ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o sì mú ẹyọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Má kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ka ìtàn. Ka àṣamọ̀ rẹ̀, ìyẹn àkópọ̀ kúkúrú tó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀, wo àwọn àwòrán àti àtẹ inú rẹ̀, ka ìparí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí o wá padà sí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí kò bá yé ọ, kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí òun gan-an ni yóò wúlò nínú lẹ́tà rẹ.

Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ gùn. Wo irú èyí:

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí òjò àti bí ẹ̀fọn ṣe ń pọ̀ sí i. Mo rí i nínú àtẹ kejì pé iye ẹ̀fọn já wálẹ̀ ní oṣù kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kò dín kù, ìdí rẹ̀ kò sì yé mi. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n wá ràn yín lọ́wọ́ fún wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Mo lè lo maikirosíkóòpù, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àtúpalẹ̀ dátà. Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ mo lè rí yín fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?"

Àtẹ kejì yẹn ló ṣe gbogbo iṣẹ́ inú lẹ́tà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó rí i yóò mọ̀ pé ẹni yìí kà á lóòótọ́, bí ìbéèrè náà kò tilẹ̀ jinlẹ̀. Jíjẹ́wọ́ ohun tí o kò mọ̀ kò sì lè ba ọ̀rọ̀ rẹ jẹ́, torí pé ẹni tó sọ pé òun mọ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń sá fún. O lè kọ̀wé sí olùkọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ṣùgbọ́n kí ti oníkálukú yàtọ̀. Lẹ́tà kan náà tí a fi ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn kì í fara sin. Tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, fi ìlà méjì rán an létí; ímeèlì pọ̀ lọ́rùn wọn ni, wọn kò tíì sọ pé rárá.

Nígbà tí o bá dé ọ́fíìsì rẹ̀, béèrè ẹni tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà lójoojúmọ́, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé ló sábà máa ń jẹ́. Béèrè bóyá owó wà níbẹ̀, tàbí máàkì, tàbí pé ọ̀fẹ́ ni. Ní tèmi, mo fẹ́ràn olùkọ́ kékeré tí yóò jókòó tì ọ́ ju gbajúgbajà tí o kò ní fojú kàn títí sáà yóò fi parí.

Iṣẹ́ kéékèèké ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé fún ọ: fífọ ìgò, kíkọ ọ̀rọ̀ inú ohùn tí a gbà sílẹ̀ sínú ìwé, títo dátà. Tí iṣẹ́ náà bá kan ènìyàn, ì báà jẹ́ ìbéèrè lásán ni ẹ fẹ́ bi wọ́n, rí i dájú pé ó ti dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwà nínú ìwádìí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí wọn kì í fọwọ́ sí iṣẹ́ tí a ti ṣe tán. Pé kí a gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu ẹni tí a fẹ́ fi ṣe ìwádìí ìṣègùn ti wà nínú Ìkéde Helsinki, ìyẹn ìlànà ìwà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé gbé kalẹ̀, láti ọdún 1964.

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ní ìwé àkọsílẹ̀ kan. Kọ déètì, ohun tí o ṣe, àti èyí tí o ṣì ṣe: "Mo gbàgbé ìgò kẹta sórí tábìlì fún ogún ìṣẹ́jú." Má ṣe pa ohunkóhun rẹ́; fa ìlà kan ṣoṣo gba orí rẹ̀ kọjá, kó ṣì ṣeé kà. Nígbà tèmi, mo yọ nọ́ńbà méjì kúrò nínú dátà nítorí mo rò pé àṣìṣe ni wọ́n, mo sì fi fáìlì tuntun rọ́pò ti àkọ́kọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni alábòójútó mi béèrè wọn. Mi ò rí wọn mọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a sì fi tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Nítorí náà, fi dátà àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí o máa ṣiṣẹ́ lé lórí, kí òmíràn sì wà níbòmíràn.

Tí ìdánwò bá ń sún mọ́lé, sọ fún alábòójútó rẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Má kàn dáwọ́ dúró. Ní ìparí sáà, kọ ojúewé méjì nípa ohun tí o ṣe àti ibi tí iṣẹ́ dé, kí o sì sọ àwọn fáìlì rẹ lórúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ lè fi mọ èwo ni èwo láìpè ọ́ lórí fóònù.