Ẹ yí páálí ẹ̀ sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó sanwó: bẹ́ ẹ ṣe lè ra àwo orin fíìmù etíkun ayé sixties

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àwọn fíìmù Amẹ́ríkà àtijọ́ yẹn, táwọn ọ̀dọ́ máa ń jó lórí iyanrìn ní Malibu bíi pé kò sẹ́ni tó ń rán wọn níṣẹ́ nílé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àwo orin ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwòrán iwájú tàn yín. Pé orúkọ fíìmù wà lára àwo ò sọ pé ohun tẹ́ ẹ gbọ́ nínú fíìmù ló wà níbẹ̀ o. Ẹ̀yìn páálí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: ta ló ń kọrin, ilé iṣẹ́ wo ló sì gbé e jáde?

Ẹ wo Muscle Beach Party, ọdún 1964. American International Pictures ló ṣe fíìmù, àmọ́ Disney ló ni Annette Funicello, òṣèré obìnrin inú ẹ̀ tó tún ń kọrin, látìgbà tó ti wà lọ́mọdé, torí náà Buena Vista tí í ṣe ti Disney ló gbé àwo tiẹ̀ jáde, àwo Annette nìkan sì ni. Frankie Avalon tí wọ́n jọ ṣeré ńkọ́? Ó ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀ ní United Artists. Dick Dale tó ń ta gìtá, Capitol. Stevie Wonder náà wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 13, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa hàn nínú fíìmù nìyẹn, Tamla ló ni ín, ẹ̀ẹ́ sì rí Happy Street tó kọ nínú fíìmù yẹn nínú àwo tiẹ̀, Stevie at the Beach. Fíìmù kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ mẹ́rin! Kálukú di olórin tiẹ̀ mú. Torí náà ẹ pinnu ohùn ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ ná, òun ló máa sọ àwo tẹ́ ẹ máa rà.

Tó bá jẹ́ àwo kan tí olórin púpọ̀ wà nínú ẹ̀ lẹ fẹ́, àwo fíìmù How to Stuff a Wild Bikini (1965) tí ilé iṣẹ́ Wand gbé jáde dáa díẹ̀, ẹgbẹ́ olórin The Kingsmen wà níbẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ lára àwọn òṣèré fíìmù náà. Orin ẹ̀ ò dùn tó ti 1964 lójú tèmi ṣá.

Fún àwo Annette, tó bá ń dún bíi pé èèyàn méjì ló ń kọrin, ẹ má bá ẹni tó tà á fún yín jà, àwo ò bàjẹ́. Ohùn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, Tutti Camarata tó ń bá a ṣe àwo wá máa ń ní kó kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á gbé ọ̀kan lé èkejì. Tẹ́ ẹ bá rí BV níwájú nọ́ńbà àwo, mono (ohùn ojú kan) nìyẹn, STER sì ni stereo (ohùn ọ̀tún àti òsì).

Ó wá ku ara àwo fúnra ẹ̀, ibi tí owó ti máa ń wọgbó nìyí. Ẹ yọ ọ́ síta, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ sábẹ́ iná kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lójú ẹ̀. Dúdú tó ń dán la fẹ́. Tó bá ti rí bí eérú, abẹ́rẹ́ giramafóònù ayé ìgbà yẹn tó wúwo ti jẹ ẹ́ nìyẹn, àwọn ọmọ sixties lù ú níbi páátì títí ló ṣe rí bẹ́ẹ̀, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ojú ibi tó ti ha téèyàn ò lè fi èékánná mọ̀ sábà máa ń ta pà-pà lásán, èyí tí èékánná bá kọ́ ló máa mú kí abẹ́rẹ́ fò. Ẹ wo etí ihò àárín náà, tí ìlà wẹ́wẹ́ bá pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ti lò ó dáadáa.

Omi distilled (omi mímọ́ tí wọ́n ti yọ ìdọ̀tí àti iyọ̀ inú ẹ̀) pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ kan ti tó láti fọ̀ ọ́, ẹ máa nù ún yíká bí ìlà ẹ̀ ṣe lọ, ẹ má dábùú ẹ̀, kómi má sì kan bébà àárín o. Tí àpò bébà inú ẹ̀ bá ti ń já, ẹ fi tuntun rọ́pò ẹ̀, àmọ́ ẹ má sọ ti àtijọ́ nù, ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú páálí, ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú máa bèèrè ẹ̀.