Ẹ̀rọ ìlàgi oníbẹ́líìtì: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ kí a tó pinnu bóyá ká tún un ṣe tàbí ká yí i padà

Tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlàgi bá ti ń ké, tó ń rùn bíi rọ́bà tó jóná, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ká yọ bẹ́líìtì dànù, ká so pọ́ǹpù ọ́ìlì mọ́ ẹ́ńjìnnì tààrà bíi ti àwọn ẹ̀rọ tuntun. Nígbà míì, ohun tó yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó pọ̀ tí owó á ti lọ, tí igi líle á ṣì máa dá ẹ̀rọ dúró.

Àṣìṣe tó burú jù ni ká dá bẹ́líìtì lẹ́bi láìyẹ ohunkóhun wò. Agbára ń ti ara ẹ́ńjìnnì bọ́ sórí bẹ́líìtì, ó ń gba ibẹ̀ dé pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á ti ọ́ìlì gba inú fáàfù lọ sí sìlíńdà, sìlíńdà á wá ti igi mọ́ irin tó ń là á. Ó lè sọnù níbikíbi láàárín wọn. Nígbà tí igi bá le, ẹ fetí sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wo púlì, ìyẹn àwọn kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí lórí wọn, láti òkèèrè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré bíi ti tẹ́lẹ̀ àmọ́ tí púlì pọ́ǹpù ń falẹ̀, bẹ́líìtì ló ń yọ̀. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ń rẹlẹ̀ bíi pé ó fẹ́ kú, bẹ́líìtì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Bí púlì méjèèjì bá sì ń yí dáadáa tí sìlíńdà kò rìn mọ́, ọ̀dọ̀ ọ́ìlì ni ọ̀rọ̀ wà: pọ́ǹpù ti jẹ, tàbí fáàfù tó ń tú ọ́ìlì sílẹ̀ nígbà tí agbára bá pọ̀ jù kò pa dé mọ́, tàbí síìlì inú sìlíńdà, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, ti gbó.

Ẹ so géèjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì mọ́ ibi tí ọ́ìlì ti ń jáde lára pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ ti sìlíńdà dé òpin, kẹ́ ẹ di lífà fáàfù mú díẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìlàgi, ó yẹ kó dé nǹkan bíi 2,500 sí 3,000 psi (ìwọ̀n agbára tí ọ́ìlì fi ń tì). Bó bá dé ibẹ̀ tí bẹ́líìtì kò yọ̀, kò sí ìdí láti pààrọ̀ pọ́ǹpù tàbí bẹ́líìtì. Bẹ́ ẹ bá ń wá ibi tó ń jò, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọwọ́ pa rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Ọ́ìlì tó ń gba ihò kékeré jáde pẹ̀lú agbára bẹ́ẹ̀ máa ń gún awọ ara wọlé, ojú ọgbẹ́ lè má tó nǹkan, àmọ́ èèyàn lè pàdánù ọwọ́ bí kò bá tètè dé ilé ìwòsàn. Páálí ni kẹ́ ẹ fi wá a.

Ká ní bẹ́líìtì ló ń yọ̀ lóòótọ́. Ẹ má kàn fún un le. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni irú bẹ́líìtì yìí fi ń di púlì mú, kì í ṣe ìdí rẹ̀. Tí ìsàlẹ̀ ojú ihò púlì bá ń dán, bẹ́líìtì ti jókòó sí ìdí nìyẹn: púlì ti jẹ tàbí bẹ́líìtì ti tín-ín-rín jù. Bẹ́líìtì tuntun á tún yọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wá ń fún un le síwájú, ṣe lẹ ń fa ṣáàfù pọ́ǹpù, ìyẹn irin tó ń yí i, sẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ irú pọ́ǹpù yìí ni wọn kò ṣe láti gba ìfàsẹ́gbẹ̀ẹ́. Bíárìn àti síìlì ẹnu ṣáàfù ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Tó bá jẹ́ bẹ́líìtì méjì ló wà níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti síso pọ́ǹpù mọ́ ẹ́ńjìnnì tààrà, ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà jù ni ọ̀nà tí pọ́ǹpù ń yí sí. Tí a bá dojú kọ ṣáàfù ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré, òdì ọwọ́ aago ló ń yí sí. Níbi tí ṣáàfù ẹ́ńjìnnì àti ti pọ́ǹpù bá kọjú sí apá kan náà lórí bẹ́líìtì, bákan náà ni wọ́n ń yí. Ẹ wá gbé pọ́ǹpù yẹn kọjú sí ẹ́ńjìnnì, ìyí rẹ̀ á di òdìkejì. Pọ́ǹpù tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà kan kò ní ti ọ́ìlì síbi tó yẹ, ó sì lè fọ́ síìlì rẹ̀ jáde. Ẹ tún yẹ eré rẹ̀ wò: púlì lè ti máa dín eré pọ́ǹpù kù láti ọjọ́ yìí, nísinsìnyí eré ẹ́ńjìnnì gan-an ló máa sá.

Àwọn míì á kàn ra pọ́ǹpù ńlá. Èyí tó ń gbé gálọ́ọ̀nù 11 ní ìṣẹ́jú kan ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì bíi 5 horsepower. Ti gálọ́ọ̀nù 16 ń fẹ́ bíi 8. Ẹ́ńjìnnì kékeré lábẹ́ pọ́ǹpù ńlá á máa kú ni. Sìlíńdà ńlá náà ní tirẹ̀: ní 2,500 psi, èyí tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 4 máa ń ti igi pẹ̀lú agbára bíi tọ́ọ̀nù 14, ti íǹṣì 5 sì jẹ́ bíi 22. Àmọ́ pẹ̀lú pọ́ǹpù kan náà, á lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po kan àtààbọ̀, irin gbọọrọ tí gbogbo rẹ̀ jókòó lé á sì gba ìnira tí wọn kò ṣe é fún. Ẹ má sì yí síkúrù fáàfù tó ń tú ọ́ìlì sílẹ̀ sókè láti fi wá agbára.

Irin gbọọrọ yẹn ni èmi fi ń pinnu. Tó bá tọ́, tí ojú wẹ́dìn kò sán, tí ẹ́ńjìnnì sì ń tètè dáhùn, ẹ pààrọ̀ púlì àti bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ tò wọ́n tọ́, kẹ́ ẹ dá ohun tó bò wọ́n padà, kẹ́ ẹ máa la igi yín lọ. Tó bá ti tẹ̀ tàbí tó ti sán nídìí irin ìlàgi, ẹ má so pọ́ǹpù tuntun mọ́ ọn. Òmíràn ni kẹ́ ẹ fi owó yẹn rà.