Ẹ Má Dúró De Orí Fífọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ìyá nípa Àrùn Ọkàn

Àwọn ìyá tó ń ṣe láfún, tó ń ro oko, tó ń rẹ àdìrẹ, tó ń nájà ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé tó yí i ká ni a kọ ìwé pélébé yìí fún, àti àwọn ará ilé wọn. Ẹgbẹ́ ló ní ká kọ ọ́ lẹ́yìn tí a sin ọ̀kan nínú àwọn aláró wa, ẹni tó ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣubú. A ò fẹ́ kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo là ń rí lójoojúmọ́: àwọn ìyá ń dúró kí orí fọ́ wọn kí wọ́n tó lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, bí orí bá sì ti fúyẹ́, wọ́n á gbé oògùn jù sílẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fọ́ èèyàn lórí. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ wà ní 170 lè jí láàárọ̀, kó kó láfún kúrò nínú omi, kó sá a sórí àpáta, kó sì máa kọrin. Ọkàn rẹ̀ ń fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Àwọn dókítà ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí ọkàn wọn ń kọṣẹ́ tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Abà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí àìsàn àwọn tó ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́rin. Ẹ má di ẹ̀bi rẹ̀ ru orogún mọ́.

Bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún gbogbo àgbàlagbà. Ẹni tó ti lé ní 40, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà nílé wọn, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

Ẹ má ṣe gbé ẹrù ti Láfẹ́nwá dé kí ẹ kàn na apá. Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Ẹ má gbé ọ̀kan lé ìkejì. Ẹ ká apá bùbá sókè, bó bá fún, ẹ bọ́ ọ. Wọn kì í wé ọ̀já ẹ̀rọ ìfúnpá lé orí aṣọ. Kí apá wà lórí tábìlì, kó ṣe déédéé àyà. Láàárín ìṣẹ́jú 30 tó ṣáájú, ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọfí, ẹ má fa tábà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Mo ti rí ìyá tó ń ṣírò owó àjọ fún ẹnì kejì nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Ohun tí ẹ̀rọ sọ lọ́jọ́ náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sì ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé fún yín. “Ó dáa, màmá” kì í ṣe nọ́ńbà.

Nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ ń gbé jáde. Bí ti òkè kò bá tó 120, tí ti ìsàlẹ̀ kò sì tó 80, ó dára. Bó bá pé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, bí ẹ tilẹ̀ lè gun Olúmọ láìmí hẹlẹ. Bó bá wọ 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ mú téèpù télọ̀, ẹ fi yí ikùn ká, láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí. Ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn sínú. Bó bá ju 80 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ ti ń súnmọ́ ewu. Bó bá ju 88 lọ, ẹ ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ní ẹ̀ ń jẹ ayé ni. Ẹni tó ń jẹ ayé gan-an ni kó wọ̀n ọ́n. Ẹ yẹ ṣúgà wò pẹ̀lú láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun: 126 mg/dL sókè, ẹ rí dókítà.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ bí wọn ò tilẹ̀ bi yín. Obìnrin tí ìfúnpá rẹ̀ ga nínú oyún tó fi di gìrì tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bẹ́ẹ̀, ewu àrùn ọkàn rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíì. Ọmọ yẹn lè ti wọ yunifásítì, ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán. Ẹ sọ bí ṣúgà bá ga nínú oyún, bí nǹkan oṣù bá dá kí ẹ tó pé 45, bí àrùn ọkàn bá mú ìyá tàbí àbúrò yín obìnrin kó tó pé 65, tàbí bàbá kó tó pé 55. Ìyá ọlọ́mọ tuntun tí kò lè dùbúlẹ̀ kó mí dáadáa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú, láàárín oṣù 5 lẹ́yìn ìbímọ, kò gbọdọ̀ máa mu àgbo nílé. Ọkàn ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò.

Iyọ̀

Ṣíbí tíì kan tí a gé orí rẹ̀ ni ti ẹnì kan lójúmọ́, gírámù 5. Magí wà nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdajì magí ló jẹ́ iyọ̀. Kaun inú ewédú àti ẹja oníyọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Nílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, kíló iyọ̀ kan kò gbọdọ̀ tán kí oṣù tó parí, ká má tíì ka magí. Ẹni tó bá fi magí sọ́bẹ̀, kó gbàgbé iyọ̀. Ìrú tí wọn ò fi iyọ̀ sí ń ṣe iṣẹ́ náà.

Láfún: ìdá kan nínú mẹ́rin àwo, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì. Ìrìn: ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń ro oko lè fo èyí. Ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú láti àárọ̀ kò lè fò ó.

Oògùn

Nọ́ńbà wálẹ̀ nítorí pé ẹ̀ ń lo oògùn. Bí ẹ bá dá a dúró, ó ń padà gòkè. Èyí ni a ń sọ tí wọn ò gbọ́! Bí ó bá ku 7 nínú páálí, ẹ lọ ra òmíràn. Bí ẹsẹ̀ bá wú lẹ́yìn tí wọ́n fún yín ní amlodipine, ọ̀kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má jù ú sígbó. Ẹni tó ń retí oyún kó sọ, torí òmíràn nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò dára fún ọlẹ̀. Diclofenac àti ibuprofen tí ẹ ń rà ní kẹ́mísì fún ẹ̀yìn ríro, wọ́n ń gbé ìfúnpá sókè. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó máa lò wọ́n lójoojúmọ́.

Bí àyà bá ń fún yín mọ́lẹ̀, tàbí tí àgbọ̀n, èjìká tàbí ẹ̀yìn ń ro yín, tí èémí ò délẹ̀, tí òógùn tútù ń bò yín, tí èébì ń gbé yín, ọkàn ló lè jẹ́, ẹ má pè é ní ọgbẹ́ inú kí ẹ máa mu oògùn ọgbẹ́ inú. Kí ẹnìkan gbé yín lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ má dá gun ọ̀kadà, kí ó sì mú páálí oògùn yín dání kí dókítà lè ka orúkọ rẹ̀.